Omi Tí Mo Fi Nu Awò Àlàájì

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú òjò ni ọ̀rọ̀ gíláàsì wọ̀ mí lẹ́wù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àlàájì tó ń ta aṣọ ní Òkè-Ìléwó, yá mi ní awò olójú méjì tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, irú èyí tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Mo gbé e sójú lẹ́bàá fèrèsé wa, kìkì kùrukùru ni mo rí. Mo ní bóyá ọyẹ́ ni, àmọ́ ọyẹ́ kì í fẹ́ nínú òjò. Mo wá yí awò náà padà, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ní etí gíláàsì ọ̀tún, nǹkan funfun kan ti ta gbòǹgbò bí ìtàkùn tín-ín-rín. Gíláàsì náà ti bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun alààyè lè jẹ gíláàsì. Mo gbé rúlà tì í: mìlímítà mẹ́ta. Nígbà tó fi di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti di mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Kì í ṣe eré ni mo yá awò náà fún. Aláró ni ìyá mi. Etí odò Ògùn, nísàlẹ̀ Láfẹ́nwá, ni àgọ́ rẹ̀ wà, ìkòkò aró mẹ́fà ni a sì rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ títí dé ọrùn. Aró tó ti gbó kò ṣeé kó kiri. Bí èèyàn bá bù ú sínú àgbá, ó bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìyá mi kì í dìde nídìí ìkòkò rẹ̀ nítorí àhesọ. Lára òpó afárá, láàárín odò, wọ́n kan pákó funfun kan tí a kọ òǹkà sí, tó ń sọ bí omi ṣe ga tó. Láti àgọ́, ẹ̀yìn pákó lèèyàn ń rí. Láti fèrèsé ilé wa lórí òkè, iwájú rẹ̀ ni, àmọ́ ojú lásán kò lè kà á. Bí omi bá ti kan mítà mẹ́rin, ó ti wọ àgọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, obìnrin tó ń rẹ aṣọ láró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi dúró láti gbé ìdì aṣọ kan ṣoṣo sí i. Ìdì aṣọ náà nìkan ni wọ́n rí.

“Má wá sọ fún mi pé omi ń bọ̀ o,” ni ìyá mi wí. “Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni omi ti ń bọ̀. Iye ni kó o sọ. Bó bá pé mẹ́ta ààbọ̀, màá dìde.”

Mo bi Àlàájì léèrè ohun tó fi ń nu awò náà. Ó yọ ìgò kékeré kan nínú àpò: lọ́fínńdà elépo, èyí tí kò ní ọtí nínú. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń pa á ní gbogbo Jímọ̀ kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Òórùn rẹ̀ dára. Àmọ́ epo náà di eruku mú, eruku di ọ̀rinrin mú, ohun funfun yẹn sì rí oúnjẹ jẹ.

“Má fi ọtí kàn án o,” ó kìlọ̀. “Awò tó ti rí ilẹ̀ mímọ́ ni.”

Mo ra lẹ́ńsì kámẹ́rà kan tó ti sán létí lọ́wọ́ onífọ́tò kan ní Ìbarà, kí n lè máa dán omi wò lára rẹ̀. Kẹrosíìnì kó epo kúrò, ó fi epo tirẹ̀ rọ́pò. Omi kànga fi àmì funfun sílẹ̀ nígbà tó gbẹ. Mo wá rántí omi eérú tí ìyá mi fi ń ṣe aró. Ó gé epo náà bí ọ̀bẹ! Inú mi dùn, mo fi í sílẹ̀ lórí lẹ́ńsì di ọjọ́ kejì. Lẹ́ńsì tó dára ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú, tí ń tàn bí àwọ̀ àlùkò bí a bá dà á sí ìmọ́lẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, awọ náà ti bó ní àbùlé-àbùlé. Gíláàsì náà ń wò mí bí ojú òkú ẹja. Bó bá ṣe pé ti Àlàájì ni ńkọ́?

Mo lọ bá ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì fún omi bátìrì, nítorí oòru omi tó padà di omi ni, kì í fi àpá sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ìgò méjì tó jọra wà lórí tábìlì rẹ̀.

“Èwo ni omi nínú wọn?”

“Èyí tí kò bá jó ẹ lọ́wọ́ ni,” ó dáhùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ásíìdì ló wà nínú ìkejì. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo kán omi náà sórí eérú. Kò hó, bó bá jẹ́ ásíìdì ni, ìbá hó. Àmọ́ omi nìkan kò lè gé epo. Mo padà sí Òkè-Ìléwó.

“Bàbá, sípíríìtì ló kù.”

“Ọtí nìyẹn.”

“Nígbà tí wọ́n fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ kí ẹ tó lọ Mẹ́kà, kí ni wọ́n fi nu apá yín?”

“Ìwọ ọmọ yìí, kóòtù ló yẹ kó o ti máa rojọ́. Lọ nù ún. Àmọ́ ìwọ lo nù ún o, èmi kọ́.”

Ìdajì sípíríìtì, ìdajì omi bátìrì. Kọ́kọ́ fẹ́ eruku dànù, nítorí iyanrìn ló ń ha gíláàsì. Aṣọ tẹ́ẹ́rù, ìyẹn aṣọ òwú funfun tí àwọn aláró ń lò, tó ti gbó, tí a ti fọ̀ títí tí kò fi le mọ́, ni kó o kán omi náà sí; má ṣe kán an sójú gíláàsì, kó má baà wọ inú lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín, máa yí i po lọ sí etí, kó o wá lo ibi tó mọ́ lára aṣọ náà. Ojú òsì mọ́ kedere. Ti ọ̀tún kò gbọ́ oògùn, inú lọ́hùn-ún ni nǹkan funfun náà wà, ó sì ti tó mìlímítà méje. Mo di ojú ọ̀tún mi. Tẹ́lẹ̀, nínú kùrukùru yẹn, òǹkà mítà ńlá nìkan ni mò ń rí fìrífìrí lára pákó yẹn. Ní báyìí, mo rí ìlà kéékèèké tó fi sẹ̀ntímítà méjì-méjì jìnnà síra.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Odò pupa, kò sì pariwo mọ́; ìgbà tó bá dákẹ́ ni kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀. Ní agogo kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mítà mẹ́ta àti sẹ̀ntímítà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní agogo méjì, ogójì. Èémí mi bo gíláàsì, mo nù ún, mo tún wò ó ní agogo mẹ́ta: méjìléláàádọ́ta. Mo sáré sọ̀kalẹ̀.

Ìyá mi ti ọwọ́ méjèèjì bọ aró dé ìgúnpá. Ilẹ̀ àgọ́ ṣì gbẹ.

“Iye?”

“Mẹ́ta àti méjìléláàádọ́ta.”

“Ó dá ẹ lójú? Kì í ṣe méjìlélógún?”

“Mo rí ìlà rẹ̀, Màámi.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì,” ó wí, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó fa ọwọ́ yọ, ó gbé ìdì aṣọ kan rù, mo ru ìkejì, ó sì ké sí àwọn aláró tó kù kí wọ́n máa bọ̀. A kò padà wá gbé òmíràn.

Ní nǹkan bí agogo márùn-ún, ó wá dúró tì mí ní fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú. Omi ti wọ àgọ́, a kò rí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó béèrè iye. Mo nu ojú òsì, mo wò ó: mítà mẹ́rin àti sẹ̀ntímítà mẹ́rìnlá. Kí n tó nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di mẹ́rìndínlógún.