Àjà Pákó Tí Olúgbóyèga Kàn fún Bernice

Ọdún mẹ́tàlá ni Olúgbóyèga fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, tí Bernice ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé nílé wọn ní Fẹ́sítáàkì. Nígbà tí ìjọba kó iléeṣẹ́ wọn kúrò l'Ékòó, òun ló ní kí ìyàwó òun dúró ti àwọn ọmọ, kí ẹ̀kọ́ wọn má baà dàrú. "Tí mo bá ti fẹ̀yìn tì," ó máa ń sọ fún un, "èmi àti ìwọ ni. A ó ra ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn sí, a ó wà á lọ sí Ìdànrè, a ó sùn sí ẹsẹ̀ òkè níbi tí wọ́n ti tọ́ ẹ dàgbà." Bernice á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ṣáà tètè máa bọ̀."

Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ó sì ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Dennis, aládùúgbò wọn kan tó ń kó lọ sílùú òyìnbó. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná kékeré nínú. Ó gbé e sí iwájú ilé. Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ fún un ní wàhálà, lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ, lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ dá a gúnlẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Òjò jò wọnú ọkọ̀, aṣọ tí wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀ jẹrà, ó ń já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbà tó fi máa mú àtúnṣe ọkọ̀ náà ní pàtàkì, Bernice ti ń gbàgbé nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́kọ́rọ́, ó dé orí orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a padà. Pásítọ̀ gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Olúgbóyèga gbé àpótí irinṣẹ́ jáde. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fojú kan Ìdànrè nígbà tó ṣì lè mọ̀ pé Ìdànrè ni.

Ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà àbúrò bàbá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ló ti dàgbà, torí náà kò gbéṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ya aṣọ tó jẹrà dànù, ó ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún lára irin, ó ra pákó afàrà tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ náà nira, torí òrùlé ọkọ̀ kò tẹ́jú, ńṣe ló rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Pákó tí èèyàn bá fi agbára tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́. Ó ní láti da omi gbígbóná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó fi igi tì í mọ́ òrùlé títí yóò fi gbẹ, kó tó wá kàn án. Lójoojúmọ́ ló ń gbójú sókè, ọrùn ń dùn ún, lẹ́búlẹ́bú pákó ń já sí i lójú.

Ọjọ́ kẹrin ni Bernice jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, kápẹ́ńtà."

Olúgbóyèga rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbójú kúrò lókè. Ojú tí èèyàn fi ń wo àlejò ni ìyàwó rẹ̀ fi ń wò ó.

"Ẹ ṣé, mà," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ọkọ mi ló gbé iṣẹ́ yìí fún yín?"

"Àwọn ni, mà."

Bernice jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. "Àbújá ni wọ́n wà. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ làwọn ń bọ̀." Ó fọwọ́ gbá lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àwọn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ti pọ̀ o, kápẹ́ńtà. Màá se oúnjẹ, màá gbé e sórí tábìlì, àwọn ọmọ á sùn, oúnjẹ á tutù."

"Ẹ ò sọ fún wọn rí pé ó ń dùn yín?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n. Ó kàn máa ń ṣe mí bíi pé opó ni mí, tí ọkọ mi sì wà láàyè."

Ogójì ọdún ó lé méjì tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, Olúgbóyèga kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó dì í mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé á pariwo. Ó tún gbójú sí òrùlé, ó ń kànṣó lọ, omijé sì ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí fáníṣì gbẹ, ọmọ wọn Láídé wá láti wa ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè. Bernice wọlé, ó fọwọ́ pa àjà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ó mà dán o," ó ní. Wọ́n fi í síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láídé, Olúgbóyèga jókòó sẹ́yìn.

Wọn ò tíì kọjá Mile 2 tí Bernice fi di ilẹ̀kùn mú.

"Dá mi padà! Jímọ̀ lòní. Ọkọ mi á dé, wọn ò ní bá mi nílé."

"Mọ́mì, Dádì nìyẹn lẹ́yìn o."

Bernice bojú wẹ̀yìn. "Kápẹ́ńtà nìyẹn," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Láídé wo bàbá rẹ̀ nínú díńgí. "Yí i padà," Olúgbóyèga ní.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó mú báàgì tó máa ń gbé lọ sọ́fíìsì. Ó wá yí sí iwájú ilé, ó kan ilẹ̀kùn. Bernice ló ṣí i. Ó wò ó títí.

"Kápẹ́ńtà," ó ní, "ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Rárá, mà. Mo ní kí n kí yín ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ má bínú, mi ò lè ní kí ẹ wọlé. Ọkọ mi ò sí nílé."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Olúgbóyèga jókòó sí ìta gbangba níbẹ̀ títí Láídé fi jáde wá jókòó tì í.

"Kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ Àbújá, Láídé," ó ní. "Mo rò pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni."

Láídé gba báàgì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fà á dìde, wọ́n sì jọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.