Ọjọ́ tí Mo Dọ̀bálẹ̀ ní Kóòtù

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dọ̀bálẹ̀ níwájú adájọ́ láyé mi, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn sì fi mí rín. Kì í ṣe ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí mo dìde, tí mo gbọn eruku aṣọ mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìgbà ìjọba ológun ni, láàárín àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, èmi àti ìyàwó mi sì ń gbé ní Agbowó. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wá. Ará Ṣakí ni àwọn òbí wa méjèèjì, ọtí sì jẹ́ ohun tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Nítorí náà, jíjí ni mo máa ń jí i mu. Ẹni tó ń jí ọtí mu kì í mọ ìwọ̀n, torí kò mọ ìgbà tí àyè á tún yọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ yà sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mọ́kọ́lá. Oòrùn ṣì mú dáadáa. Mo mu bíà mẹ́rin, mo wá jẹ orógbó lé e kí ìyàwó mi má baà gbóòórùn nǹkan kan. Orógbó yẹn ni mo fi ń ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n. Mo wọ inú fọ́kìsì ìjàpá mi, mò ń súfèé lọ sílé.

Mo kọjá Sángo, mo kọjá ẹnu géètì yunifásítì, ilé wa ò jìnnà mọ́. Lójú tèmi, títì náà fẹ̀ tó pápá. Àfi bí ọkọ̀ ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà, ó di abẹ́ àtíbàbà ìyá télọ̀ kan tó jókòó ti màṣíìnì rẹ̀. Màṣíìnì yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, ó ti fò sínú gọ́tà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rí obìnrin náà nílẹ̀, tó di kókósẹ̀ rẹ̀ mú. Kò pariwo. Ó kàn ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, “Ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ mi.” Mo sáré bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ní kó má bínú. Ó yí ojú rẹ̀ kúrò níwájú ẹnu mi.

Ọlọ́pàá kan tó ń darí ọkọ̀ nítòsí ló dé bá wa. Ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sí òun nímú, mo sì fẹ́ ẹ.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ọtí ti ṣáájú orógbó délé.”

Ní tèṣàn, wọ́n pe dókítà wá yẹ̀ mí wò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Wọ́n fi yíǹkì dúdú kun ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n mọ́ pépà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bèèrè ibi tí pépà náà ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi béèlì dá mi sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ohun tí n óò sọ fún bàbá ìyàwó mi.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, Òjóò ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fi ọkọ̀ ṣe èèyàn léṣe, wọ́n wọkọ̀ wá bá wa lọ́jọ́ kejì. Mo ní bíréèkì ló já. Ìyàwó mi, tó ti gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lóru, wo ilẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ.

“Tó bá jẹ́ bíréèkì ni, iṣẹ́ irin ni,” ni bàbá wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ ọlọ́ràn.”

A lọ bá ìyá télọ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò rò ni pé bàbá fúnra wọn máa ṣí fìlà. Ní ọjọ́ orí wọn, wọ́n ṣí fìlà fún obìnrin tí wọ́n lè bí, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ní, “Jọ̀wọ́, ọmọ mi. Bíréèkì ló já. Fi jì wá.”

Obìnrin náà wò mí nílẹ̀ níbẹ̀. Ojú tó fi wò mí, ojú ẹni tó ti gbóòórùn ẹnu mi ni. Tó bá la ẹnu rẹ̀ báyìí, mo tẹ́. Ó ní, “Háà, bàbá, ẹ dé fìlà yín. Mo ti fi jì wọ́n. Ọlọ́run á dáàbò bò wá.” Kò tú àṣírí mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè tètè dìde, bàbá sì rò pé ìrònúpìwàdà ni.

Mo ti rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí a bá bẹ ọlọ́ràn, tí ọlọ́ràn sì ti gbẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti àná nìyẹn. Ìgbà tí mo sọ fún ọlọ́pàá tí ìwé ẹjọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìyá télọ̀ ti dárí jì mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá télọ̀ kọ́ ló pè yín lẹ́jọ́, ọ̀gá. Ìjọba ni.” Mo ní ṣé ìjọba ni mo fi ọkọ̀ gbá ni? Ó ní kí n lọ bi adájọ́.

Lọ́yà ọ̀dọ́ kan wà ní yàrá kejì sí tiwa. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín lọ. Ẹ má kàn dìde kẹ́ ẹ ní ẹ jẹ̀bi. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí yín lẹ́sẹ̀, a lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbà báyẹn, orúkọ yín ti wọ̀wé nìyẹn o.”

“Ṣé o fẹ́ kí n máa bá ìjọba jà ni?” ni mo fi dá a lóhùn. “Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.”

“Òótọ́ nìyẹn nílé, bọ̀dá. Ṣé bó ṣe rí ní kóòtù náà nìyẹn?”

Inú bí mi. Mo ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé lánàá ń kọ́ mi ní òwe. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, òwe kọ́ ni mò ń gbèjà. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá gba lọ́yà, ẹjọ́ á gùn, á sì dé Òjóò. Mo fẹ́ kó tán kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Ní kóòtù, akọ̀wé ka ẹ̀sùn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún un sọ ní Yorùbá: pé mo wakọ̀ nígbà tí ọtí ń pa mí, pé mo sì wa ìwàkuwà débi tí mo fi ṣe èèyàn léṣe. Ṣé mo jẹ̀bi àbí mi ò jẹ̀bi? Mo jáde kúrò nínú àpótí tí wọ́n ní kí n dúró sí, torí àyè ibẹ̀ kò gba ọkùnrin tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo na tàntàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, “Mo jẹ̀bi, mà. Iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ fi ojú àánú wò mí.” Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín.

Adájọ́ náà, ìyá kan tó wọ awò ojú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ dìde, sà. A ò ní kẹ́ ẹ tọrọ gáfárà. A ní ṣé ẹ jẹ̀bi.”

“Mo jẹ̀bi, mà.”

“Ṣé ẹ mọ ohun tí gbígbà yìí túmọ̀ sí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà,” ni mo wí, mi ò sì mọ ohun kan.

Mo san owó ìtanràn, wọ́n gba láísẹ́ǹsì mi fún ọdún kan, mo sì jáde síta kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣé ẹ rí i, mo sọ fún ara mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba Òjóò lọ tààrà, mo sọ fún bàbá pé ọ̀rọ̀ parí sí tèṣàn. Wọ́n dìde dúró, wọ́n gbàdúrà ọpẹ́ gígùn kan lé mi lórí. Ọdún kan gbáko ni ọkọ̀ mi fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, lẹ́nu mi, kí wọ́n má baà bèèrè ìdí tí mi ò fi wakọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, owó oṣù ìjọba kò tó nǹkan mọ́, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́nà Ring Road, wọ́n ń wá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ṣé ilé ẹjọ́ ti dá mi lẹ́bi rí. Tí mo bá ní mo ti gbàgbé, ẹ má gbà mí gbọ́. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Mo ro ti ìyá télọ̀ tó ti fi jì mí, mo ro ti owó ìtanràn tí mo ti san, mo bi ara mi léèrè kí ló tún kù. Mo kọ “Rárá.”

Ojú ìwé tó kẹ́yìn jẹ́ ti onídùúró, ẹni iyì kan tó máa buwọ́ lù ú pé òun mọ̀ mí, pé ilé ẹjọ́ kò dá mi lẹ́bi rí. Ta ni mo tún fẹ́ gbé e lọ bá? Àdúgbò bàbá ìyàwó mi kò ní ẹni tó ń wáṣẹ́, tàbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ìwé, tí kì í gbé fọ́ọ̀mù wá bá wọn. Ìgbéraga kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ wọn nìyẹn, pé ibi tí orúkọ wọn bá wà, wọn kì í bèèrè ẹlẹ́rìí kejì.

Wọ́n ka tèmi láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìwé ìdánwò. Wọ́n fi ìka sábẹ́ ìlà ti ilé ẹjọ́ yẹn. “Ibí ńkọ́?”

“Kò sóhun tó jọ ọ́, bàbá.”

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi tó ń gbé bọ̀ fún wọn. Ó yí padà, ó gbé omi náà padà sí kíṣìnì. Bàbá buwọ́ lù ú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ṣe níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń fi orúkọ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, mi ò sì mọ̀. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí, ó yí pépà kan kọjú sí mi lórí tábìlì. Ẹ̀dà ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ti ọtí kò dùn wọ́n tó ti irọ́. Mo kúrò níbẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Ìyẹn kò dùn mí tó bó ṣe yẹ kó dùn mí, torí mi ò tíì mọ̀ pé wọ́n ti kọ lẹ́tà sí onídùúró mi náà.

Bàbá wá sí Agbowó fúnra wọn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọn ò jókòó. Lẹ́tà náà wà lápò bùbá wọn, wọn ò mú un jáde.

“Ṣé kóòtù dá ọ lẹ́bi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Bíréèkì ńkọ́?”

“Kò já, bàbá. Mo mutí ni.”

Wọ́n fọwọ́ kan lẹ́tà náà lápò. Wọ́n wá ní, “Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo jẹ́rìí èké.” Mo ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, mò ń bẹ̀bẹ̀, mò ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn ti fi jì mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, torí wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára títí wọ́n fi kú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́yà ọ̀dọ́ yẹn tó yé mi. Wọ́n dárí jì mí tán, orúkọ wọn ṣì wà lábẹ́ irọ́ mi ní Ring Road.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìgbà náà, a lọ kí wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ń jẹun lọ́wọ́ ni opó kan ní àdúgbò wọlé, ó mú fọ́ọ̀mù dání. Ọmọbìnrin rẹ̀ rí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ kí bàbá bá a buwọ́ lù ú. Bàbá kò gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Má bínú, ọmọ mi. Gbé e lọ bá pásítọ̀. Mi ò buwọ́ lùwé mọ́.”

Ojú obìnrin náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Háà, bàbá, kí ló dé? Ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?”

Mo gbé ojú sókè. Bàbá tí mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn obìnrin tó jókòó tì mí, wọ́n wá yíjú sí opó náà.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni wọ́n wí. “Ọwọ́ ń dùn mí.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wo ọwọ́ náà sàn. Bàbá ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.