Kòkó tí Òjò Bá Níta

Mo kọjá níwájú ilé àwọn tó ń ra kòkó n'Ípòtí lánàá, òórùn kòkó tó bu sì gba imú mi. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí ọ̀sán Sátidé kan, bàbá mi, àti àwọn ọ̀lẹ tó ń bá a wo bọ́ọ̀lù.

Kòkó wa wà níta lórí tapólì, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ìyá mi wà lóko. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, mo fẹ́ ká tapólì náà, àmọ́ ó wúwo jù mí lọ. Mo sáré lọ sí ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kún ibẹ̀, àwọn géńdé tó ń sá fún oko ń kọ́ kóòṣì òyìnbó níṣẹ́.

"Wọ́n ti gbá mẹ́ta kọjá gólí yìí," bàbá mi ń sọ. "Kí ló dé tí kò yọ ọ́?"

"Èyí tó dáa wà lórí bẹ́ǹṣì," télọ̀ àdúgbò wa dá a lóhùn. "Kò lójú ni."

Mo ní, "Bàbá, òjò ń bọ̀."

"Dúró ná. Jẹ́ kó pààrọ̀ gólí yìí."

Kò pààrọ̀ rẹ̀. Òjò bo ariwo tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, kò bo tiwọn.

Mo rò pé òjò kàn fọ kòkó náà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ni wọn ìbá tà láti fi rán mi lọ sí girama.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí èmi àti ìyá mi ṣe ń ṣa èyí tó bu kúrò, bàbá mi wà lórí àga, ó ṣì ń bú kóòṣì ọ̀hún.

"Ọkùnrin yẹn kàn jókòó," ló wí, "ó ń wò ó títí gbogbo ẹ̀ fi bàjẹ́."