Ayùn Bàbá Mi àti Iyanrìn Ẹ̀pà Ìyá Mi

Mo ṣì kéré nígbà yẹn, ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ káàkiri ilé ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti gbàgbé. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí n sọ̀rọ̀ fún yín. Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, láyé ìgbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́ùn tí àwọn àgbà ṣì ń pe náírà ní pọ́ùn.

Bàbá mi ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó fi ń gé igi. Àlòkù ni, ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti ké, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń yan ẹ̀pà tà, ẹ̀pà inú iyanrìn gbígbóná, nínú agbada ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ wá gbọ́ o. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ayùn yẹn náà ló fà á. Bàbá mi fi yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù kí ẹ tó bù ú sí i. Ọ̀gbẹ́ni yìí da pẹtiróòlù lásán sí i bí ẹni ń bu epo sí mọ́tò. Ó gbé e padà wá, ó ní ó kàn dákẹ́ ni. Dákẹ́ kẹ̀! Àwọn bẹ́árìn ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, òrùka irin méjì, ti jóná, kíráǹkì, irin tó ń yí láàárín wọn, sì ti há. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti kìlọ̀ fún bàbá mi kó má yá a. Látìgbà náà, èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. "Sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti rí i." Inú yàrá kan náà làwọn méjèèjì sì jókòó sí o!

Ni ìjì ńlá kan bá jà. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà láàárín ilé wa àti ilé kejì ya nídìí, ó fara ti òrùlé yàrá kan. Inú yàrá yẹn gan-an ni àǹtí ilé kejì wà. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ń ṣe opó lọ́wọ́. Ẹ mọ bí opó àwa Mùsùlùmí ti rí, obìnrin ò ní kúrò nílé ọkọ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ààfáà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ewu ti dé, Ọlọ́run yọ̀ǹda, kó jáde. Àǹtí ní òun ò jáde. Ó ní ibi tí ọkọ òun fi òun sí nìyẹn, ìjì lásán ò ní lé òun kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti ìyá mi. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó tún bú u, àǹtí kọ etí ikún sí gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé àáké dé. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n sán an mọ́ igi báyìí, igi mì, ògiri là, a sì gbọ́ igbe àǹtí nínú yàrá. Wọ́n sá sẹ́yìn. Ó wá hàn sí gbogbo wa pé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì nìkan ló lè gé igi yẹn wẹ́wẹ́ látòkè láìmi ìdí rẹ̀. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú padà bọ̀ láti apá Marina. Bí ìjì mìíràn bá fi lè jà, àǹtí ti lọ nìyẹn.

Bàbá mi tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó tú ẹ́ńjìnnì ká. Ó ní bẹ́árìn méjì tó yọ lára ayùn mìíràn tó ti kú, kò sì mọ ibi tí òun ti lè rí òmíràn ní gbogbo Èkó. Ihò tí bẹ́árìn ń wọ̀ fún pinpin. Bí ẹ bá fi òòlù gbá a wọlé, ẹ ti bà á jẹ́. Ńṣe lẹ máa mú ilé ẹ́ńjìnnì gbóná kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì ri bẹ́árìn sínú yìnyín kó lè sún kì. Mo sáré lọ gba yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja. Ìgbà tí mo fi máa dé, bàbá mi ti fẹ́ gbé ilé ẹ́ńjìnnì lé iná èédú.

Ìyá mi pè mí, ó gbóhùn sókè dáadáa. "Sọ fún bàbá rẹ pé iná yẹn á jó apá kan, á fi apá kejì sílẹ̀ ní tútù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà?"

Bàbá mi wo iná, ó wo agbada. "Sọ fún ìyá rẹ pé bí iyanrìn bá wọnú ẹ́ńjìnnì yìí, ó parí."

Ìyá mi dìde. Ó wọlé, ó mú agolo bísíkíìtì jáde, ó nù ún, ó gbé ilé ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀, ó dé e pa, ó sì rì í mọ́ àárín iyanrìn gbígbóná. Ó wọ́n ẹ̀pà díẹ̀ yí i ká kó lè fi mọ ìgbà tí ooru bá tó, ó ń rò ó. Ààrá ń kù lókè ọ̀sà, à ń gbọ́ ohùn àǹtí lódìkejì ògiri, "Lá ìláhà illallá", kò sinmi. Bàbá mi di bẹ́árìn mú nínú àkísà, omi yìnyín ń ro sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ìyá mi mú ẹyọ kan, ó bó o, ó rún un lẹ́nu. Kò wo ojú mi, bàbá mi ló wò.

"Ó tó. Ẹ gbé e."

Bàbá mi ṣí agolo, ó fi bẹ́árìn lé ojú ihò. Ó yẹ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ó dá dúró, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i tí ọwọ́ bàbá mi ń lọ síbi òòlù. Ìyá mi pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a!" Bàbá mi fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bẹ́árìn sì rì wọlé. Yéè! Mi ò mọ̀gbà tí mo pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣe apá kejì bákan náà, wọ́n ti kíráǹkì bọ àárín, wọ́n pa ilé rẹ̀ dé, bàbá mi sì fọwọ́ yí i. Ó yí wẹ́rẹ́.

Òjò ti ń kán nígbà tí ó to ìyókù pọ̀ tán. Ó fa okùn, ayùn dákẹ́. Ó tún fà á, ó dákẹ́. Ó pe bísímílà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ayùn sì ké! Ó gun àkàsọ̀, ìyá mi sì di ìdí àkàsọ̀ náà mú lójú gbogbo ayé, ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sí i lórí. Àwọn ọkùnrin ń fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí òjò fi máa tú dà ní kíkún, igi ti wà nílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Òrùlé àǹtí lu, ṣùgbọ́n ògiri dúró. Ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o. Òórùn ẹ̀pà yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣó kù?" A rẹ́rìn-ín títí a fi ń sunkún.

Àyè igi gbẹ̀rẹ̀fútù yẹn ti di ilé alájà ńlá, ṣọ́ọ̀bù ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ayùn bá bàjẹ́ lónìí, wọ́n á ní kí ẹ ra tuntun. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń bínú síra yín, kálukú á kọjú sí fóònù rẹ̀, kò tiẹ̀ sí ọmọ tí ẹ máa rán pé, "Sọ fún bàbá rẹ." Mi ò bú yín o, ṣùgbọ́n àárò ìyẹn ń sọ mí.

Ìgbà tí bàbá mi kú, èmi náà ti di ìyá ọmọ. Àwọn ọkùnrin wá láti gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú, wọ́n ń wo ojú ìyá mi. Àǹtí ilé kejì, tó ti darúgbó, jókòó tì í. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, òun ló sì ń wá jókòó tì í títí ìyá mi fi ṣe opó rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi gbé ọwọ́ lé àyà bàbá mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ó ní, "Ó tó. Ẹ gbé e."