Ohùn Tó Wà Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Hàkímù Sàlámì kì í jókòó pẹ́. Àwọn tó ń gbé rédíò wá fún un tún ṣe ní Igbó-Ọrà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jó wáyà pọ̀ lórí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n nísàlẹ̀ bíi ti ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rí i rí kó jẹun tán lórí ìjókòó kan.

Lọ́dún tí Àmínà ìyàwó rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀kadà lọ́nà Ayétẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, àìbalẹ̀ náà di méjì. Obìnrin tó ń ra làfún láti oko dé oko wá di ẹni tó ń wà lórí àga kan náà ní pálọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Hàkímù kò mọ ohun tí ì bá ṣe fún un. Ó ra ọsàn. Ó ra òróró ìfọ́ra. Ó tún fáànù tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ọjọ́ kan ló rántí àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́, òun ni wọ́n máa ń pè káàkiri Ìbàràpá pé kó wá gba ohùn sílẹ̀ níbi yìgì, ìkómọ àti wáàsí. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ìlú àti ọdún sí i. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí téèpù rẹ̀ ti já láti ọdún tí òun àti Àmínà ṣègbéyàwó. Yìgì kan ní Ìdèrè ni. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ wákà nínú yàrá, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ wọlé, ni Hàkímù bá gbé màíkì méjì sójú fèrèsé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó dúró síta, ó ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń lé orin. Ohùn náà gbé e lọ́kàn lọ. Nígbà tí wọ́n máa jáde, Àmínà ló ṣáájú. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Títí di òní ló ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ohùn ìyá yín ni mo kọ́kọ́ fẹ́, kí n tó fẹ́ ìyá yín." Àmínà á kàn rẹ́rìn-ín.

Hàkímù lẹ téèpù náà pọ̀, ó sì kó orin inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan, ó ń han bí ẹ̀fọn, àriwo téèpù sì bo orin mọ́lẹ̀. Sítẹ́rìò ńlá sì wà ní pálọ̀, tòun ti sípíkà méjì tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, níbi tó ti ń fi í ṣiṣẹ́. Mùíz, àkọ́bí wọn tó wà n'Íbàdàn, bá fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀yìn sítẹ́rìò ni wọ́n ń kì í bọ̀, á sì máa gba orin láti inú kọ̀ǹpútà láìsí wáyà láàárín wọn.

"Ṣé kò ní jẹ dátà mi tán?" Hàkímù bi í lórí fóònù.

"Rárá, Bàbá. Inú ilé ni orin ti ń jáde, inú ilé náà ló ń lọ. Ẹ má ṣáà pa rọ́tà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé."

Ó ṣiṣẹ́. Wáàsí kan láti Èrúwà kún pálọ̀ bí ìgbà tí ààfáà náà wà láàyè. Orin méjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Hàkímù sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó tẹ orin, orin dún. Ó padà sí pálọ̀, kò pẹ́, ó tún dákẹ́. Ó gbé rọ́tà sójú fèrèsé. Ó gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yọ dígí ara ògiri, bóyá òun ló ń dí i lọ́nà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sáré láàárín ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀, rédíò àwọn oníbàárà wà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ń tutù.

Lọ́jọ́ kẹta, Àmínà pè é. "Bàbá Mùíz, ẹ dúró ná."

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ dúró, mo ní. Nǹkan tó bàjẹ́ kì í mọ àkókò. Èyí mọ àkókò. Tó bá ti dún tó ìgbà tí omi làfún fi ń hó lórí iná, ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lánàá, bẹ́ẹ̀ náà níjẹta. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, kì í dákẹ́. Ó jọ pé ó ń sùn ni."

Hàkímù wò ó. Ó lọ wo kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sùn. Ogójì ọdún ló ti fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ojú tì í, ó yí i padà, ó sì tẹ orin Ìdèrè.

Ohùn tó ń lé orin jáde láti inú sípíkà ọ̀tún, ó mọ́ gaara. Hàkímù dìde dúró sáàárín pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ohùn mìíràn ké láti inú sípíkà òsì, bí orin ti ń lọ lọ́wọ́: "Àìṣát, gbé e sókè!" Ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Kò sí bí Hàkímù kò ṣe ní mọ ẹ̀rín yẹn. Inú ilé rẹ̀ ló wà láti ogójì ọdún.

Ó yíjú sí aya rẹ̀. "Ìwọ kọ́ ló ń lé orin."

"Èmi kọ́. Àìṣát ni. Ó ṣì wà ní Ìdèrè."

"O sì mọ̀ pé ìwọ ni mo rò?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá bá bàbá mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Àmínà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ kì í jókòó. Mo rò ó pé bí mo bá sọ, ẹ ó dìde, ẹ ó máa wá olóhùn lọ."

Hàkímù jáde. Ó rìn dé gáréèjì, ó rìn padà, ó kọjá ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tó ń bí i sí. Ṣé Àmínà ni, tó fi ogójì ọdún pa á mọ́ sínú? Àbí òun tó ní etí, tí kò mọ ohùn aya rẹ̀? Nígbà tó wọlé fún ìrun alásàárì, Àmínà sọ̀rọ̀ kí ó tó nu omi àlùwàlá kúrò lójú ara rẹ̀.

"Ẹ lọ gbé Àìṣát wá. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó kọrin mọ́ lẹ́yìn tó gbé e níyàwó. Kò gbọ́ ara rẹ̀ rí."

Lọ́jọ́ kejì ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Ìdèrè, ó múra bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Ìyá àgbà kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ ti ha, ló jáde sí i. Àìṣát nìyẹn; ó ti di opó, kò sì bi í ní ìbéèrè méjì kó tó gun ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní pálọ̀, Àìṣát gbọ́ orin náà tán. Ó ní, "Ta nìyí?"

"Ìwọ ni," ni Àmínà dáhùn.

Àìṣát fọwọ́ bo ẹnu. "Nílé ọkọ mi, wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni. Mo sì gbà wọ́n gbọ́." Ó ní kí wọ́n tún un fi, wọ́n tún un fi, àwọn obìnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó wà nínú yàrá náà, ẹni tó ti kú, ẹni tó wà láàyè.

Nígbà tí Hàkímù ń gbé e padà, Àìṣát bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin náà lẹ́yìn rẹ̀. Hàkímù dín eré kù.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń rọra?" ló bi í.

"Ọ̀nà ò dáa," ni Hàkímù wí.

Nígbà tó délé, Àmínà ń dúró dè é. "Ṣé ó kọrin fún yín?"

"Díẹ̀."

"Ṣé ó dùn?"

Hàkímù wá irọ́, kò rí. "Ó ha. Ṣùgbọ́n ó dùn."

Àmínà mi orí. "Ó dáa. Ẹ fi òmíràn sí i wàyí, èyí tí kò sí èmi, tí kò sí Àìṣát níbẹ̀."

Hàkímù lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó tú inú rẹ̀ wò, ó rí ìkómọ kan ní Ayétẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kó tó padà dé pálọ̀, igbe ọmọ jòjòló ti ń jáde nínú sípíkà, ó gba gbogbo ilé kan.