Àwọn Ọmọ Ogun Tó Jọ Mí

Òwú ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Òwú igi àràbà ni, ó funfun, ó fúyẹ́, ó sì máa ń léfòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi ní Pápá Àjàó bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń fi í ki ìrọ̀rí àti tìmùtìmù tà. Láti àárọ̀ ló ti máa ń jókòó sórí ẹní, tí á máa fi ọ̀pá na òwú náà kó lè tú. Eruku rẹ̀ á gòkè lọ bá àjà, á tún rọra bọ́ sórí ọbẹ̀, sórí aṣọ, sínú imú gbogbo wa. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, mo ń bọ̀wọ̀ fún un bí ìyàwó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Nínú ìwé tèmi, "ó" ti tó o. Iṣẹ́ ìrọ̀rí yẹn ló fi rán ọkọ mi níléèwé títí ó fi jáde ní yunifásítì, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í rán mi létí.

Èmi náà jáde ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo kà, òun ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Surulere. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi wọlé ọkọ bí ẹni gbé àtùpà wọ ilé òkùnkùn, mo sì rò pé wọ́n á dúpẹ́ ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rántí ọmọbìnrin yẹn nísinsìnyí, àánú rẹ̀ a máa ṣe mí, ẹ̀rín a sì máa pa mí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òwú náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí ojú ń yún mi, tí omi ń dà nímú mi. Nígbà tó yá, àyà mi há lówùúrọ̀ ọjọ́ kan bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í, mo sì ń gbọ́ tí èémí mi ń dún bí fèrè. Dókítà tí mo lọ rí ní Yaba ní ikọ́ fée ni. Ó fún mi ní ínhélà, ike kékeré aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fín sẹ́nu, ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jìnnà sí mi.

Mo wá pinnu láti la Àǹtí lọ́yẹ. Mo ya ẹ̀dọ̀fóró sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, mo sì jókòó tì í. Mo ṣàlàyé pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ ogun ara, àwọn ló ń lé kòkòrò àrùn jáde. Mo ní àwọn ọmọ ogun ara ẹlòmíì máa ń ṣi ọ̀tá mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí eruku òwú, wọn kì í jà. Wọ́n á kàn mọ ojú rẹ̀ sórí ni, wọ́n á sì fi ẹ̀ṣọ́ tó dá a mọ̀ sínú imú àti ọ̀nà èémí. Bó bá tún padà wá ni ogun ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà á bẹ́, wọ́n á tú ohun tó wà níkùn wọn jáde, ọ̀nà èémí á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún un, ẹran ara tó yí i ká á sì fún un pinpin.

Àǹtí dá ọ̀pá dúró. Ó wo àwòrán mi, ó wá wò mí.

"Ìyàwó, òwú lásán-làsàn, òwú tí kò lẹ́nu, tí kò léyín, ni àwọn ọmọ ogun tìẹ rí tí wọ́n pè lólè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ṣì í mọ̀ ni."

"Wọ́n á sì máa ba ilé ara wọn jẹ́ nítorí ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"A jẹ́ pé wọ́n jọ ọ́ nìyẹn."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo bá Àǹtí níbi tó ti ń fi ẹ̀dọ̀fóró mi fẹ́ iná èédú.

Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí èémí bá padà, ogun kò tíì tán. Àwọn ọmọ ogun mìíràn tó pẹ́ dé á dúró sára ògiri ọ̀nà èémí, wọ́n á máa dáná níbẹ̀, ògiri náà á pupa, á wú, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Iná abẹ́ eérú ni ikọ́ fée.

Ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Àǹtí bí rí ọkọ. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ, wọ́n á wádìí ilé rẹ̀ bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wárápá, bóyá ikọ́. Ìyàwó ilé ni mí, ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́, ṣùgbọ́n lójú Àǹtí, ikọ́ ni ikọ́ ń jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ṣí báàgì mi, ó mú ínhélà mi, ó sì kì í bọ inú ìṣẹ́po ìró rẹ̀.

"Àlejò ò gbọdọ̀ rí nǹkan yìí lẹ́nu ẹ. Wọ́n á ní a kó alárùn jọ sílé."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bó bá gbé mi ńkọ́?"

"Kò ní gbé ẹ. Ṣáà ti panu mọ́."

Tìmùtìmù tuntun ló kì fún àwọn àlejò ní pálọ̀. Bí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń jókòó ni eruku ń bú jáde, èmi sì ni mo ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri láàárín wọn. Ó gbé mi. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, mo tẹ́ ọwọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àna rẹ̀, abẹ́ ẹ̀rín náà ló sì ti dá mi lóhùn: "Ẹ̀yìnkùlé. Má wúkọ́ níbí." Mo wo ọkọ mi láàárín àwọn ọkùnrin. Ó rí mi. Mo lè búra pé ó rí mi. Ó yí ojú sí ìgò ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bá kànga ni mo jókòó sí. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ mi, n kò ní lè sọ ọ́. Obìnrin aránṣọ kan ládùúgbò, tó wá pọnmi, ló rí ètè mi tó ti ń dúdú. Ó pọ̀n mí bí ọmọ dé títì, ó sì dá táksí dúró. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní díẹ̀ ló kù.

Nígbà tí mo padà, àwọn obìnrin àdúgbò ń kí mi lọ́nà. "Ẹ kú oríire o!" "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀!" Àǹtí ti sọ fún àwọn àlejò pé oyún ló ń dà mí láàmú. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ nígbà náà, n kò bímọ. N kò bímọ títí dòní. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Àǹtí fi ínhélà mi sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi, ó ní, "Gbà. Kò bàjẹ́."

Ẹni tó ṣu ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò jà. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ sórí.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọkọ mi kú, mo kó padà sí Surulere, mo sì fẹ̀yìn tì. Fóòmù pa ọjà òwú, Àǹtí káṣẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ òwú kì í lọ láìdágbére: mo gbọ́ pé Àǹtí ń wúkọ́, pé èémí rẹ̀ ń dún, pé òtútù ni wọ́n ń pè é fún ẹni tó bá béèrè. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pè mí síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo lọ, mo gbé báàgì mi dání. Pálọ̀ kan náà ni, wọ́n kàn ti fi táìlì sí i. Àǹtí jókòó sáàárín àwọn obìnrin bí ọba. Ẹnì kan fi tùràrí síná, èéfín rẹ̀ gba inú ilé, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ni èmi ti gbọ́ fèrè náà.

Ojú wa pàdé. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Ìyàwó, mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé."

N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń retí láti ọjọ́ wọ̀nyí. Mo gbé báàgì mi lé itan, mo rọra ṣí i, mo jẹ́ kó rí mi bí mo ṣe ń ṣí i. Mo wá dìde, mo sì lo ohùn tí mo fi ń kọ́ni.

"Ẹ bá wa gbé tùràrí yẹn jáde. Ikọ́ fée ló gbé màmá wa. Ó pẹ́ tó ti ń ṣe wọ́n, wọ́n fi pa mọ́ fún yín ni. Èmi náà ní i, òwú wọn ló kó o bá mi. Àǹtí, ẹ lanu. Níbí la ti máa ṣe é, lójú àwọn àna yín."

Ó mi orí. Ó pa ẹnu dé pinpin. Ẹ wo agídí: ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó kú ju kí wọ́n rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ ṣáà ti lanu, mà."

Ó lanu. Mo fín in, mo ní kó dá èémí dúró, mo tún fín in. Gbogbo pálọ̀ ń wo àyà rẹ̀. Ẹ má pè mí ní èèyàn rere. Ínhélà yẹn ì bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé náà.

Bàbá ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ gbéra. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. "Ikọ́ fée? Òun náà ló ń ṣe ìyá mi títí wọ́n fi darúgbó. Ẹ gbé oúnjẹ wá jàre, ebi ń pa wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ètò ń bá a lọ, wọ́n sì gba ọmọ náà. Nǹkan kan kò bàjẹ́. Mo rò pé mo fi iná sílé ni, fèrèsé ni mo ṣí. Ìyẹn ló ta mí jù bí mo ṣe ń lọ sílé: bó bá jẹ́ pé fèrèsé ló gbà, kí ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ pa mí lẹ́bàá kànga? Mo wo Àǹtí kí n tó jáde. Ohun kan náà ló ń rò. Mo rí i lójú rẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé bí ẹ̀tọ́ mi.

Lónìí, mo ń lo oògùn tó ń pa iná abẹ́ eérú náà láràárọ̀, èémí mi sì já gaara. Oògùn náà kì í pa ìrántí rẹ́. Àwọn ọmọ ogun mi ṣì mọ ojú òwú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí fi ìrọ̀rí kan rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá ní kí n sọ fún yín pé kò sí òwú níbẹ̀ o, mà." Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, fóòmù ni. Mo ní kó bá mi kí wọn, kó ní mo dúpẹ́.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. N kò tíì gbé orí lé e. Òótọ́ ni Àǹtí sọ lọ́jọ́ kàlẹ́ńdà yẹn. Wọ́n jọ mí.