Iná Yẹ́lò Tí Ìyá Mi Yàn

Ọjọ́ Àlàmísì ni. Aago márùn-ún ìdájí ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá nígbà tí mo ṣíná mọ́tò níwájú ilé wa ní Adéwọlé. Ó dá mi lójú, nítorí pé mo wo fóònù mi, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé aago inú mọ́tò tó máa ń sáré.

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Èmi fúnra mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá sì ń sọ ìtàn òkú tó wọ mọ́tò ní ọ̀nà kan báyìí, èmi ni mo máa ń da ìtàn rú: "Ta ló rí i? Níbo ló dúró sí? Ṣé iná wà níbẹ̀?" Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Nítorí náà, ibi tí ojú mi dé ni n óò dúró sí. Èyí tí mo bá kàn rò, n óò sọ pé mo rò ó ni.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe wọ̀ ọ́.

Ìyá mi ń ta iṣu ní ọjà Ipata. Abúlé ló ti máa ń rà á, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ gan-an, ó sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kí àwọn tó ń kó ọjà rẹpẹtẹ tó ṣa èyí tó dára lọ. Láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mo ṣì ń wá iṣẹ́, èmi ni mo ń fi mọ́tò tí bàbá mi fi sílẹ̀ gbé e lọ. Ṣáájú ìgbà náà, orí ẹrù nínú ọkọ̀ ńlá ló máa ń jókòó sí. Ó ti já bọ́ láti ibẹ̀ rí. Títí di òní, ó máa ń di ògiri mú kó tó lè dìde lórí ẹní.

Nínú ọyẹ́, iná iwájú kan kú lára mọ́tò wa. Àwọn iná kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀gì láìtì, ti kú tipẹ́ ní tiwọn. A jáde bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí a wọ gọ́tà. Nígbà tí a padà délé, ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ó sì di ìlẹ̀kùn mú.

"Ọkọ mi, mi ò tún ní bá ẹ jáde ní ìdájí mọ́ tí mọ́tò yìí bá ṣì ń fi ojú kan ríran. Màá padà sórí ẹrù mi."

Kò pariwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti pinnu.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sọ́dọ̀ Ìsíákà rìwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní àdúgbò Fate. Ó kó oríṣiríṣi gílóòbù jáde. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka iye wáàtì tó wà lára wọn, mo sì fi ìdí wọn wé ìdí gílóòbù àtijọ́ tí mo mú dání.

"Ọ̀mọ̀wé," ni Ìsíákà wí, "ṣé o fẹ́ ra iná ni àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ? O ti ń wojú ẹ̀ láti àárọ̀."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Tó bá fẹ́ ra bíró, á kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni."

Ìsíákà gbé LED kan sí mi lọ́wọ́, funfun rẹ̀ ń ta sí búlúù. "Èyí ni kó o mú. Tó o bá tàn án ní Fate, wọ́n á rí ẹ ní Ipata."

"Èmi ni mo fẹ́ ríran, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe kí wọ́n rí mi."

Mo ṣàlàyé fún un. Gílóòbù onírin tín-ín-rín ni wọ́n ṣe ilé iná mọ́tò wa fún. Tí a bá ki LED bọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa tú ká sókè, kùrukùru á sì dá a padà sí wa lójú. Gílóòbù elẹ́sẹ̀ mẹ́ta lásán ni mo mú fún iná iwájú, méjì, kí ọ̀tún má baà tàn ju òsì lọ. Ó tún fi èyí tó lágbára jù ú lọ hàn mí, mi ò gbà á. Ooru irú ìyẹn lè yọ́ ìdí tí wọ́n ń kì í bọ̀.

Ó wá ku fọ́ọ̀gì láìtì. Ìsíákà ní yẹ́lò ló máa ń gún kùrukùru. Mo ní mi ò tíì rí ẹ̀rí ìyẹn. Ẹ̀kán omi inú kùrukùru kò mọ yẹ́lò yàtọ̀ sí funfun. Ohun tó ń ran fọ́ọ̀gì láìtì lọ́wọ́ ni pé ìsàlẹ̀ ló wà, ilẹ̀ ló sì dojú kọ. Funfun ni mo mú.

Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà. "Yẹ́lò ni kó o fún wa."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá títì ńkọ́? O fẹ́ ta funfun yẹn sí wọn lójú kí wọ́n lè máa ṣépè fún wa?"

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà abúlé wa ní ìdájí mọ ohun tó ń sọ. Àwọn èèyàn á ti jáde pẹ̀lú búta omi wọn, wọ́n á lóṣòó sẹ́bàá títì, wọ́n á máa fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kírun. Awakọ̀ tó bá ní ẹ̀kọ́ á pa iná ńlá, á rọra kọjá. Nínú ìṣirò mi, yẹ́lò àti funfun kò yàtọ̀, nítorí náà mo gbà fún un. Ìsíákà fi aṣọ di gílóòbù mú kí òróró ọwọ́ rẹ̀ má baà kan dígí, ó kì wọ́n bọlé, a sì tàn án sí ògiri. Ó dára.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde ní ọjọ́ Àlàmísì yẹn.

Nínú ìlú, kò sí wàhálà. Nígbà tí ilé tán, kùrukùru àti eruku ọyẹ́ dà pọ̀, wọ́n bo títì. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Iná iwájú tuntun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun ni ohun tí mo ń rí. Mo ń fi ilà ẹ̀gbẹ́ títì ṣe atọ́nà.

Ìyá mi ti ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì.

"Pa iná yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnì kan ń ṣe àlùwàlá."

Èmi náà ti rí i. Ó lóṣòó lápá ọ̀tún, ó wọ aṣọ funfun, ó mú búta lọ́wọ́.

Mo pa iná ńlá, mo fi yẹ́lò nìkan sílẹ̀. Mo tẹ bíréékì títí mọ́tò fi ń rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ẹni náà gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ kan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí wa, bí wọ́n ṣe máa ń dá ọkọ̀ dúró.

Mo dúró.

Ìgbà náà ni mo rí i. Iná yẹ́lò ń gba abẹ́ kùrukùru lọ, ó sì kan táyà. Táyà ńlá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró sójú ọ̀nà wa gan-an, láìní iná kankan, iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ já ewé sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún èèyàn lóòótọ́, àmọ́ ìdí táyà ló kó o sí. Tí mo bá ń bá eré tí mo ń sá tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá mi ni ìdí ọkọ̀ yẹn ì bá kọ́kọ́ bá, torí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yọ sí jù.

"Subuhanalahi," ó wí. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká mi, mi ò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀.

Mo yíjú sí ọ̀tún. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo sọ̀kalẹ̀ láti lọ dúpẹ́. "Sàláámù aléékùm." Kò sí ìdáhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń múra ìrun kì í jẹ́ kí sàláámà já bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún un sọ. Láti inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ohùn kan ti jáde.

"Ta nìyẹn? Tó bá jẹ́ olè ni ọ́, iṣu nìkan ló wà níbí o."

Awakọ̀ ni, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ láti àná. Mo bi í léèrè ọkùnrin tó ń ṣe àlùwàlá.

"Àlùwàlá? Níbí? Omi ìmu gan-an ò sí lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Ilé wo lẹ rí?"

A jọ kó ewé lọ sẹ́yìn, síbi tó jìnnà. A tan iná wa sílẹ̀ níbẹ̀ títí ojú fi mọ́ díẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn dé tó sì fà á kúrò.

Nígbà tí a tún gbéra, mo sọ fún ìyá mi pé, "Màmá, ẹ sọ ohun tí ẹ rí kí n tó sọ tèmi." Bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò nìyẹn, kí ẹnì kan má baà fi ọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì lẹ́nu.

Aṣọ funfun, ó sọ ọ́. Búta, ó sọ ọ́. Ọwọ́ tó nà, ó sọ ọ́.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú wo? Ṣebí ẹ̀yìn ló kọ sí wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Èmi, ojú ló kọ sí mi.

Iṣu tí a rí rà lọ́jọ́ náà dára. Ìyá mi kírun, ó jẹun, ó bá àwọn àgbẹ̀ ṣàwàdà, ó sì dárin nínú mọ́tò nígbà tí a ń bọ̀. Láti ìgbà náà, kò mẹ́nu kan orí ẹrù mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ipata ní màláíkà ni, ẹnì kan ní àlùjọ̀nnú ni. Èmi ò mọ̀. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá nínú kùrukùru lẹ́yìn ìyẹn, mo dán iná ńlá wò, mo dán yẹ́lò nìkan wò. Mi ò rí nǹkan kan.

Ìkìlọ̀ mi kò pọ̀. Tí ẹ bá ń wakọ̀ ní ìdájí ọyẹ́ tí ẹ rí ẹni tó lóṣòó sẹ́bàá títì, ẹ pa iná ńlá, ẹ rọra. Tó bá na ọwọ́, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má sọ̀kalẹ̀ lọ wá a bí mo ṣe ṣe.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ìyá mi. Kí n tó padà sínú mọ́tò, mo fi iná fóònù wo ibi tí ọkùnrin náà lóṣòó sí. Eruku bo ilẹ̀ yíká, ipa bàtà tèmi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ojú kan tó rí roboto ni omi ti rin. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án. Nínú òtútù yẹn, omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.